Èèrà Tó Ń Wá sí Ẹ̀yìn Balùwẹ̀ Ọ̀gá Mi

Àwọn ọmọ ilé wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé máa ń wá jókòó tì mí, wọ́n á ní, "Grandma, iṣẹ́ ọwọ́ wo lèèyàn lè kọ́ báyìí?" Bí mo bá dárúkọ iṣẹ́ tèmi, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Oyin kajú ni mo fi gbogbo ayé mi sè, wọn ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dáa. Mo ti fẹ̀yìn tì, mo ráyè, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí kí ẹ tó máa fi mí ṣẹ̀rín. Ìkorò ibẹ̀ pọ̀ ju adùn rẹ̀ lọ, mo tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mo tan òun jẹ.

Oyin kajú kì í ṣe oyin inú igbó. Oje èso kajú ni, èyí tí a fún, tí a sì sè lórí iná títí tó fi ki, tó fi ń rọra yọ̀ bọ́ lójú ṣíbí. Ṣúgà oníhóró tí wọ́n ń tà ní páálí kì í dé inú rẹ̀ rárá. Àwọn èèyàn ń fi í mu ògì, wọ́n ń fi í jẹ búrẹ́dì, àwọn tí ikọ́ ń dà láàmú sì ń lá a. Bí àsìkò kajú bá kọjá, a máa ń se ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ń ti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ wá, tàbí máńgòrò, ṣùgbọ́n kajú ni wọ́n fi mọ̀ wá.

Bí mo ṣe débẹ̀ ò gba àlàyé. Bàbá mi kú, ìyá mi ò lè dá iléèwé gbé, wọ́n wá mú mi lọ bá obìnrin kan tí gbogbo Ajah ń pè ní Ìyá Oníkajú. Àwọn ọdún naintíìsì ni, àwọn ṣọ́jà ló ń ṣèjọba. Ajah ò tíì rí bó ṣe rí yìí. Béèyàn bá kúrò ní oríta tó kọjú sí ọ̀nà Badore, iyanrìn ni, igi àgbọn ni, igi kajú ni. Àwọn onílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ ẹ̀sítéètì, wọ́n sì ń gba ọ̀gá mi láyè láti ṣa èso lábẹ́ igi tó kù. Mo bá ọmọ iṣẹ́ kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Múlíkátù. Ẹgbẹ́ ni wá lọ́jọ́ orí, àmọ́ ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jù mí lọ, òun ló fi ibi tí wọ́n ń sùn hàn mí, òun ló sì kọ́ mi bí mo ṣe máa fi aṣọ di orí tí èéfín ò fi ní bà á jẹ́.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwa méjèèjì á ti wà nísàlẹ̀ igi. Èyí tó bá fúnra rẹ̀ já bọ́ là ń ṣà, nítorí ọ̀gá mi ní èyí tí wọ́n bá fi ọ̀pá gbọ̀n ò tíì gbó. A ó yí hóró rẹ̀ kúrò, a ó fọ èso, a ó gún un díẹ̀ nínú odó, a ó dà á sínú àpò, a ó sì gbé òkúta lé e. Oje tó ń jáde máa ń fún èèyàn lọ́fun pọ̀, tí ẹnu á sì gbẹ. Ọ̀gá mi ló kọ́ wa pé kí a bu ẹ̀kọ tó ṣàn, tó ti tutù, sí i, kí a rò ó pọ̀, kí a sì fi í sílẹ̀. Ẹ̀kọ yẹn á rọra kó gbogbo ohun tó ń fún ọ̀fun wọ ìsàlẹ̀ lọ, oje á wá mọ́ kedere lókè, òun la ó rọra dà sínú agbada.

Oje kajú kì í dúró de èèyàn. Bí oòrùn bá fi kanrí tí o ò tíì gbé e kaná, ó ti ń hó fúnra rẹ̀, ó ti ń di ọtí. Iná náà ò sì gbọdọ̀ pọ̀. O ó máa rò ó, o ó máa bu ìfófòó rẹ̀ dànù, o ò gbọdọ̀ yí ojú sí ibòmíì. Lọ́jọ́ kan, mo yíjú wo àwọn tó ń já bíríkì lẹ́bàá ọ̀nà, oyin sì jó mọ́ ìdí agbada. Ọ̀gá mi ò nà mí. Wọ́n bu èyí tó jó náà sínú abọ́, wọ́n gbé e fún mi, wọ́n ní, "Lá a tán." Mo lá a tán. N kò jẹ́ kí oyin jó mọ́ láti ọjọ́ náà.

Obìnrin yẹn le. Ká ní wọ́n ń pariwo ni, à bá tiẹ̀ sinmi, torí ariwo máa ń tán. Wọn kì í pariwo. Wọ́n á kàn gba ọmọrogùn lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á ní kí o lọ jókòó kọjú sí ògiri, ibẹ̀ lo sì máa wà tí iṣẹ́ á fi parí lọ́jọ́ náà. Kò sí ohun tó ń dun ọmọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kí o máa gbóòórùn iṣẹ́ tí o wá kọ́, kí o má rí i.

Ohun méjì ni wọ́n kórìíra: ṣúgà àti èèrà. Ti ṣúgà ní ìdí. Ìtọ̀ ṣúgà ló pa ìyá wọn ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tí àwọn fúnra wọn ṣì wà lọ́mọdé. Àwọn dókítà sọ nígbà náà pé kí ìyá náà má fẹnu kan ṣúgà mọ́. Látìgbà yẹn ni ọ̀gá mi ti pinnu pé ṣúgà ò ní wọ ilé àwọn, ìdí tí wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í se oje èso nìyẹn. Wọ́n gbé pátákó kan síwájú ìsọ̀ wa lọ́jà, ayàwòrán kan ló bá wọn fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí i: OYIN KAJÚ, KÒ SÍ ṢÚGÀ NÍNÚ RẸ̀. Àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà máa ń rí pátákó yẹn láti inú mọ́tò, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á rà, wọ́n á sì súre fún wọn. Àràárọ̀ ni ọ̀gá mi náà ń bu oyin kún ògì wọn, wọ́n á sì tún tọ́ agbada kọ̀ọ̀kan wò lọ́sàn-án. Ẹnu wọn ni ìwọ̀n wa.

Ti èèrà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Tábìlì tí a ń to ìgò sí, inú agolo mílíìkì tó kún fún omi àti kẹrosíìnì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Eérú la fi yí àtíbàbà po. Bí wọ́n bá rí èèrà, wọn á tẹ̀ lé e títí wọ́n á fi rí ibi tí oyin gbé kán sílẹ̀, wọ́n á sì mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n fọkàn tán èèrà ju àwa ọmọ iṣẹ́ lọ. Ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú, torí ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti bàjẹ́.

Ọdún tí Múlíkátù fẹ́ ṣe fríídọ̀mù ni. Ìyá rẹ̀ ti ra aṣọ tó máa wọ̀. Kápẹ́ńtà kan ní Lańgbàsà ti ń fẹ́ ẹ, bó bá sì ti gba àdúrà lọ́wọ́ ọ̀gá tán, ẹbí ọkùnrin náà máa wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ó máa ń kọrin nídìí agbada nígbà yẹn, ọ̀gá wa sì máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Múlíkátù ti ṣáájú lọ sọ́jà láti lọ pátẹ. Ọ̀gá mi bọ́ sẹ́yìnkùlé, wọ́n rí èèrà tó tò lọ lórí iyanrìn sí ẹ̀yìn balùwẹ̀ onípáànù wa, níbi tí àwa obìnrin ilé máa ń tọ̀ sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n nà ró.

"Ẹnì kan ń jí oyin mi wá mu níbí," ni wọ́n wí. "Ta ló wẹ̀ kẹ́yìn?"

Mo ní, "Múlíkátù ni, mà. Àmọ́ kì í ṣe òun."

Wọ́n mú ọ̀nà ọjà pọ̀n, mo ń sáré tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí a débẹ̀, Múlíkátù ń nu ìgò. Ọ̀gá mi ní kó gbé báàgì rẹ̀ wá. Wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí pátákó ìsọ̀ níṣojú àwọn aláta, àwọn ẹlẹ́ja àti àwọn agbèrò tó ń pe Ọbáléndé. Ìlarun já bọ́, búrẹ́dì ààbọ̀ já bọ́, aṣọ nǹkan oṣù rẹ̀ náà já bọ́. Kò sí oyin níbẹ̀.

"Ọ̀gá, mi ò mú nǹkan kan," ni Múlíkátù wí lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹnu rẹ lo fi kó o. Èèrà ló fi ẹ́ hàn mí. Olè ni ẹ́, má padà wá sílé mi."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, Múlíkátù ò lè ṣe é."

"Ṣé kí n tú tìẹ náà ni?"

Mo ní kí wọ́n tú u. Wọ́n yíjú kúrò. Múlíkátù ṣa ẹrù rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, aṣọ yẹn ló kọ́kọ́ mú, ó sì lọ. Ọ̀rọ̀ náà dé Lańgbàsà kó tó di ọjọ́ kejì. Ẹbí kápẹ́ńtà ránṣẹ́ pé àwọn ò lè fi olè ṣe ìyàwó ilé, bó ṣe parí nìyẹn. Inú bí mi títí, mo sì fẹ́ kúrò níbẹ̀, àmọ́ ìyá mi ní kí n fara dà á kí n gba fríídọ̀mù tèmi.

Èèrà ò lọ. Ọ̀gá mi da kẹrosíìnì síbẹ̀, wọ́n da eérú síbẹ̀, wọ́n ní kí n hú iyanrìn náà kúrò, èèrà tún padà wá. Láàárín ìgbà yẹn, mo ti ń rí i pé ọ̀gá mi ń rù. Omi tí wọ́n ń mu lójúmọ́ ti ń pọ̀ jù, bí wọ́n bá sì jókòó, wọ́n á tún dìde lọ tọ̀. Mo rò pé ìbànújẹ́ ọ̀rọ̀ Múlíkátù ni.

Nígbà tó yá, mo jáde láàárọ̀ pẹ̀lú kọ́ńgò omi mi, mo bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí lórí bùkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n ń wo èèrà.

"Bíọ́lá, ibo lo máa ń tọ̀ sí?"

Mo nawọ́ sí igun tó sún mọ́ odi.

"Múlíkátù ńkọ́?"

Mo ní ibẹ̀ náà ni, àwa méjèèjì.

Wọ́n nawọ́ sí ibi tí èèrà tò dé. "Ìhín yìí, èmi nìkan ni mò ń tọ̀ síbẹ̀," ni wọ́n wí. "Póò ìyá mi, èèrà ló máa ń kún un. Èmi ni mo máa ń gbé e dà nù. Àmọ́ mi ò fẹnu kan ṣúgà rí láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, Bíọ́lá. Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò fẹnu kàn án."

Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Mo ní, "Ọ̀gá, Múlíkátù wá ńkọ́?"

"Lọ ṣe iṣẹ́ rẹ."

Wọn ò lọ sọ́sípítù. Ìtìjú ni, ìbẹ̀rù náà sì ni. Wọ́n wá fi kún oyin tí wọ́n ń mu, wọ́n ní ó máa ń fún ara lókun, ó kúkú jẹ́ èso lásán. Èmi ni mò ń bù ú fún wọn, torí ohun tí wọ́n mọ̀ ni èmi náà mọ̀. Mo ń sọ ọ́ yìí, ọkàn mi ṣì ń gbọgbẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tẹ ẹyin iná. A ń yọ igi lábẹ́ agbada, ẹyin iná kan ta jáde, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ lé e láìwọ bàtà. Wọn ò mọ̀. Wọ́n dúró lórí rẹ̀, wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa ìgò. Èmi ni mo gbóòórùn ẹran ara tó ń jóná. Nígbà tí mo tì wọ́n kúrò níbẹ̀, wọ́n wo ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn bí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Egbò yẹn ò jinná. Lékè, ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe nítòsí oríta, gbé wọn lọ sí ọsípítù kan lérékùṣù Èkó, àwọn dókítà sì gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún.

Dókítà bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Nígbà tí wọ́n sọ ti oyin kajú, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó ní, "Mummy, ṣúgà inú èso náà ṣúgà ni. Bí ẹ ṣe ń sè é tí omi rẹ̀ ń gbẹ, ṣúgà yẹn ló ń kójọ pọ̀. Kì í ṣe fún ẹni tó bá ní àìsàn yìí."

Ọ̀gá mi kọjú sí ògiri. Wọn ò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n máa yíjú padà, wọ́n ní, "Lọ bá mi pe Múlíkátù."

Mo bá Múlíkátù nílé ìyá rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó ti rù. Mo ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un, ti èèrà, ti ẹsẹ̀, ti ohun tí dókítà sọ. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ.

"Mi ò ní lọ sọ́sípítù láti lọ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ní yàrá," ló wí. "Ọjà ló ti pè mí lólè. Kó wá sọ́jà, kó sọ ohun tó pe èèrà."

Ọ̀gá wa ló ń pè bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀. N kò bá a wí.

Nígbà tí mo jíṣẹ́ yìí, Lékè fárí gá. Ó ní, "Màámi, ẹ ò lè lọ máa sọ̀rọ̀ ìtọ̀ lójú ọjà. Ẹ jẹ́ ká fún un ní nǹkan, kó gbàgbé."

"Kí lo fẹ́ fún un?" ni wọ́n bi í.

Nígbà tí ojú egbò jinná díẹ̀, èmi àti Lékè fi àga onígi gbé wọn dé ìwájú ìsọ̀ wa. Múlíkátù ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Àwọn ará ọjà pé yí wa ká, wọ́n rò pé Múlíkátù àti ìyá rẹ̀ wá kí ọ̀gá mi kú ewu ni. Ọ̀gá mi ò pariwo, wọn kì í pariwo, gbogbo ọjà ló dákẹ́ láti gbọ́ wọn.

"Ẹ̀yin ará ọjà, níbí ni mo ti pe ọmọ yìí lólè. Kò jalè. Ìtọ̀ mi ni èèrà ń wá mu. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe mí, òun ló pa ìyá mi, òun ló mú ẹsẹ̀ mi lọ. Oyin tí mò ń tà, ṣúgà wà nínú rẹ̀. Ẹni tí àìsàn yìí bá ń ṣe, kó má rà á lọ́wọ́ mi mọ́."

Ìyá aláta kan ní, "Ìtọ̀ kẹ̀? Èyí tí a sì ti ń rà látọjọ́ yìí ńkọ́?" Àwọn kan tutọ́ sílẹ̀. Ojú tì mí, ojú ti Lékè. Ọ̀gá mi ò gbójú sílẹ̀.

Múlíkátù kúnlẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n gbàdúrà fríídọ̀mù fún un, wọ́n sì fún un ní ọmọrogùn tuntun, bí ọ̀gá ṣe máa ń fún ọmọ iṣẹ́ tó bá parí. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sì gbé e padà sórí itan wọn.

"Ẹ ṣé, Ọ̀gá. Mo ti dárí jì yín. Àmọ́ mi ò ní sè é mọ́."

Ìgbà yẹn ni mo rí omi lójú ọ̀gá mi, ìgbà yẹn nìkan.

Wọ́n rán mi sí àwọn oníbàárà wa tó ní àìsàn náà, kí n lọ kìlọ̀ fún wọn. Mo lọ láti ẹ̀sítéètì dé ẹ̀sítéètì. Àwọn kan lé mi síta, àwọn kan dúpẹ́. Nílé bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó fẹ́ràn oyin wa gan-an, wọ́n ní àwọn ti sin ín. Mi ò mọ̀ bóyá oyin wa lọ́wọ́ nínú ikú rẹ̀, mi ò sì lè mọ̀ ọ́n láéláé. Ọ̀gá mi náà ò rí àsìkò kajú tó tẹ̀ lé e.

Ìyókù ò gùn. Èmi ni mo jogún agbada àti ìsọ̀. Mo ní kí ayàwòrán kun pátákó náà, kó kọ ọ́ tuntun: OYIN KAJÚ, ṢÚGÀ ÈSO WÀ NÍNÚ RẸ̀. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ọjà sì ń kùtà, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tà á títí dé òpin. Wẹ́dà kan ṣe ẹ̀rọ tí mo fi ń fún èso dípò òkúta, mo kúrò lórí iná igi, mo bọ́ sórí gáàsì, ìgò di ike. Àwọn igi kajú wá tán. Wọ́n gé wọn láti kọ́ ilé, mo sì ń ra èso láti ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tó ti ń di ọtí kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí orúnkún mi kọ iṣẹ́, mo ti ìsọ̀ pa. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ́ iṣẹ́ tó bá wù yín. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ máa bi ara yín léèrè ohun tí iṣẹ́ náà ń ṣe fún ẹni tó ń rà á, kí ẹ sì má ṣe gba ẹ̀rí ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ èèrà, láti fi ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Múlíkátù ṣì wà láyé. Ó fẹ́ ẹlòmíì nígbà tó yá, ó bímọ, ó ti ní ọmọ-ọmọ. Ó wá kí mi nígbà ọdún Iléyá tó kọjá, ó gbé ẹran wá, a jọ jẹun, a rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀ sórí tábìlì níwájú mi, ó sì là á sílẹ̀ gbayawu kí n lè rí inú rẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn nílé gbogbo ẹni tó bá lọ kí, títí kan ilé àwọn ọmọ rẹ̀.

Mo ní, "Múlíkátù, kò sẹ́ni tó bi ẹ́."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣá wò ó."

Mo wò ó. Aṣọ ìnujú, kọ́kọ́rọ́ ilé àti tẹ̀sùbáà ló wà níbẹ̀, ó pa á dé, ó sì lọ.